Ìyàwó Onídán Tó Ta Idán Ọkọ Rẹ̀ Ní Àlòkù

Obìnrin tó ni ìtàn yìí jókòó síwájú mi, ó sunkún títí gèlè fi tú lórí rẹ̀. Mi ò bá a sunkún. Iṣẹ́ mi ni láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó fọwọ́ ara wọn ṣe ara wọn, kí n sì kọ ọ́ kẹ́ ẹ lè rí i kà. Mo ti rí olè, mo ti rí alágbèrè, mo sì ti bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù. Tirẹ̀ yìí ló bí mi nínú, nítorí kò sí ẹni tó tì í.

Alálòkù ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, torí ohun tó ń tà náà nìyẹn: fáànù àlòkù, áyọ́ọ̀nù àlòkù, bẹ́ẹ̀dì tí ẹlòmíràn ti sùn kó tó rà á. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé á kọ́kọ́ fa ikùn mọ́nú. Ó mọ iṣẹ́ náà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá gbé àga wá, kì í jókòó sórí rẹ̀. Á dà á dojú dé, á yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Ó ní ojú àga lè purọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ kì í purọ́.

Tó bá jẹ́ ohun tó ń lo iná ni, á kì í bọ iná. Bó bá ti yí díẹ̀, á yọ ọ́. "Ó ti yí, ó tó," á wí. Ó ní ẹni tó bá ń dúró wo bí fáànù ṣe ń yí, atẹ́gùn ọ̀fẹ́ ló fẹ́ gbà.

Onídán ni ọkọ rẹ̀. Kì í ṣe olóògùn ni mo ń wí o. Idán orí ìtàgé ni: ọwọ́ yíyá, okùn tín-ín-rín, àti páálí onídìí méjì. Ọwọ́-Èéfín lorúkọ tó ń jẹ́ níbi iṣẹ́. Níbi ọjọ́ ìbí àwọn ọmọdé àti níbi àríyá àwọn iléeṣẹ́ ni wọ́n ti ń pè é.

Idán ló sì fi fẹ́ ẹ. Nígbà tó wà lọ́mọge, ọkùnrin mẹ́ta ló ń wá a wá. Tíṣà níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, Télọ̀ lẹ́wà, Onídán sì ń pa á lẹ́rìn-ín. Ọmọge ò lè yan ọ̀kan, ìyá rẹ̀ sì ń kùn pé ọmọ òun fẹ́ fi ìyàn gbó sílé. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, Onídán wọlé, ó gbé ọsàn kan lé e lọ́wọ́ níwájú ìyá náà.

"Mi ò ní bẹ̀ ọ́," ó ní. "Nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, sọ ẹni tó wù ọ́. Tí kò bá sí ẹni tó wù ọ́, sọ bẹ́ẹ̀."

Ọmọge rẹ́rìn-ín, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ronú pẹ́. "Onídán ni," ó wí.

"Gé ọsàn ọwọ́ rẹ."

Ó gé e. Bébà kan tí wọ́n ká tín-ín-rín wà láàárín rẹ̀, omi ọsàn ti rin ín. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Onídán lo máa mú. Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́ lórí àga onígi tó jókòó sí, ó ní Ọlọ́run ti fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ ti tán.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni obìnrin yìí fi ọsàn náà yangàn. Bí ìjà bá dé láàárín òun àti ọkọ rẹ̀, bí owó ilé bá há, ọsàn yẹn ló máa ń rántí, ọkàn rẹ̀ á sì rọ̀. Ẹni tí wọ́n ti kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ kó tó lanu, ta ni yóò bá jà?

Àmọ́ iṣẹ́ idán bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ọmọ wọn obìnrin ti lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga, yàrá rẹ̀ sì ti di ilé idán: àpótí, àkẹtẹ̀ dúdú, àgò ẹyẹ, àti àwọn àwo fídíò tí àgbà onídán fi ń kọ́ èèyàn níṣẹ́. Alálòkù á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wò wọ́n bí ẹni tó rí ìdọ̀tí.

"Dádì, kí lẹ fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe?"

"Iṣẹ́ mi ni, Mọ́mì."

"Iṣẹ́ wo? Ìgbà wo ni wọ́n pè yín kẹ́yìn? Ẹ jẹ́ n bá yín tà á."

"Wọn kì í ta idán bí ẹni ta fáànù," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Fáànù tí mo bá tà fún ẹ á ṣì máa fẹ́ atẹ́gùn. Àmọ́ tí mo bá ta idán fún ẹ, kò ní yà ẹ́ lẹ́nu mọ́ láé."

Ó pòṣé. Ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ kì í wọ etí ẹni tó ti fi iye sí i kó tó gbọ́ ọ tán.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ ṣeré ní ìlú mìíràn, ó kó ẹrù náà díẹ̀díẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó wá ra á, ẹ ò rí irú wọn rí. Àgbà ọkùnrin á máa gbọ̀n bí ọmọdé tó fẹ́ jí ẹran nínú ìkòkò. Á sanwó, á ṣí àpótí, á rí i pé ìdí méjì ló ní, ojú rẹ̀ á sì wọ́.

"Ṣé kò ju báyìí lọ ni?"

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Wọn kì í fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí wọ́n máa ṣe fáàrí pé àwọn náà ti mọ̀ ọ́n. Bí ojú ẹnì kan bá sì ti kan àṣírí rí, owó ẹrù náà á jábọ́. Alálòkù tètè mọ èyí. Ló bá ra ọ̀rá tuntun, ó fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo páálí, ó ń tà wọ́n bí ohun tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn rí. Ẹrù ọkọ rẹ̀ ló ń fi lu jìbìtì, ó sì ń pe ọkọ rẹ̀ ní ẹlẹ́tàn. Nígbà tó sọ ibi yìí fún mi, ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ó wá kan àwọn àwo fídíò. Dókítà Eyín kan, tó fẹ́ràn idán ju eyín lọ, ti sọ pé òun máa ra gbogbo wọn. Alálòkù kì í ta ohun tí kò dán wò, nítorí náà ó ń ki wọ́n bọ ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àwòrán bá ti jáde, á yọ ọ́. Ó ti yí, ó tó.

Ìgbà tó kan ọ̀kan tí ara páálí rẹ̀ ti ṣá, bàbá arúgbó kan jáde nínú tẹlifíṣọ̀n, ọsàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ obìnrin yìí dúró lórí bọ́tìnnì.

"Ẹ fi ọ̀bẹ kékeré ṣí ìdodo ọsàn," ni bàbá náà wí. "Ẹ ká bébà yín kó tín-ín-rín, ẹ tì í wọlé. Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdodo náà padà. Ẹ gbé e lé ẹni náà lọ́wọ́, kẹ́ ẹ tó bi í ní ìbéèrè."

Bàbá náà ṣì ń sọ̀rọ̀ nígbà tí Alálòkù pa ẹ̀rọ náà. Ó ní kí ló tún fẹ́ gbọ́? Bébà ti wà nínú ọsàn kóun tó sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ Tíṣà lóun mú, bébà náà ì bá ṣì wà níbẹ̀. Ó dá ara rẹ̀ lójú pé wọ́n fi ọgbọ́n àyínìke fa ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu òun ni. Gbogbo ọdún tó fi ṣe sùúrù, gbogbo ìgbà tó fi ọsàn yẹn tu ara rẹ̀ nínú, gọ́ọ̀mù àti bébà ni.

Ó fi àwo náà sínú ọ̀rá tuntun, ó fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ ẹ́, ó tà á fún Dókítà Eyín lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà mí, ẹ mọ ohun tí ẹni tó lọ́gbọ́n ì bá ṣe. Ì bá bi ọkọ rẹ̀ léèrè nínú yàrá. Àmọ́ ìbínú ò mọ̀ pé olówó òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí ọkọ dé, ó gbé oúnjẹ fún un, ó béèrè àlàáfíà rẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn yàrá ọmọ wọn dé kó má bàa rí i pé ó ṣófo, ó sì tọ́jú ọ̀rọ̀ náà sínú. Ó ti gbọ́ pé iléeṣẹ́ kan pe ọkọ rẹ̀ sí àríyá wọn, pé akọ̀wé ibẹ̀ fẹ́ kó bá òun fi idán bi ọmọbìnrin tó jẹ́ akápò iléeṣẹ́ náà bóyá yóò fẹ́ òun. Ọsàn ni wọ́n máa lò.

"Màá bá yín lọ," ó wí.

Inú ọkùnrin náà dùn débi pé ó fọ àkẹtẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti wá wo eré rẹ̀ kẹ́yìn. Ó bá a gba àga síwájú.

Gbọ̀ngàn kún. Ọwọ́-Èéfín pe akápò jáde, ó gbé ọsàn lé e lọ́wọ́. Ọmọbìnrin náà ń tijú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pariwo, akọ̀wé dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi áńkáṣíìfù nu ọrùn. Kí ọmọbìnrin náà tó lanu, Alálòkù ti dìde.

"Má dá wọn lóhùn! Bébà ti wà nínú ẹ̀ láti àárọ̀! Ìdodo ọsàn ló gbà tì í bọ̀ ọ́, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́! Ohun yòówù kó o sọ, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ dè ẹ́!"

Akápò fi èékánná họ ìdodo ọsàn náà, ó sì ṣí sí i lọ́wọ́. Ni ẹ̀rín bá bú. Ẹnì kan súfèé láti ẹ̀yìn. Ọ̀gá iléeṣẹ́ béèrè bóyá irú èyí lòun sanwó fún. Akápò ju ọsàn náà sórí tábìlì, ó padà lọ jókòó, kò sì wo ibi tí akọ̀wé wà. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ṣe Alálòkù ní ibi rí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkọ rẹ̀ ló ń lé, ó kàn gba orí wọn kọjá ni.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," ni ọkọ rẹ̀ wí jẹ́ẹ́jẹ́.

"Mi ò jókòó! Ìwọ! Bó o ṣe fi mú mi nìyẹn! O mọ̀ pé n kò ní fẹ́ ọ tí mo bá láǹfààní àti yàn. Ọ̀lẹ! Oníjìbìtì!"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, kò pe ọkùnrin yìí ní "ìwọ" rí. Ojú gbogbo ènìyàn ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó sọ fún mi pé ó dùn mọ́ òun lẹ́nu lọ́jọ́ náà, pé ṣe ló dà bíi pé òun bọ́ ẹrù sílẹ̀. Ó yẹ kó wo ẹni tí ẹrù náà bọ́ lù.

Ọkùnrin náà kó ẹrù rẹ̀ sínú àpótí. Ìgbà tí wọ́n délé ló bi í léèrè.

"Ibo lo ti rí i?"

"Nínú àwo tó o kó pamọ́."

"Àwo náà dà?"

"Mo ti tà á. Mo ti ta gbogbo wọn."

Ó lọ ṣí ilẹ̀kùn yàrá ọmọ wọn, ó rí bí ibẹ̀ ṣe ṣófo. Ó yíjú padà. "Ṣé o wò ó tán kó o tó tà á?"

"Kí ni mo fẹ́ wò tán? Ó ti yí, ó tó. Tó bá jẹ́ pé irọ́ ni mo pa, sọ ọ́. Sọ pé bébà ò sí nínú ọsàn kí n tó sọ̀rọ̀!"

"Ó wà níbẹ̀," ọkọ rẹ̀ wí. "Ìyókù ni n kò lè sọ. Mo búra fún ọ̀gá mi kó tó kọ́ mi: a kì í túdìí idán fún ẹni tá a ṣe é fún."

"Kódà kílé tú?"

"Kódà kílé tú."

Ó mú àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó jáde. Yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ ló lọ. Ẹ ò gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín: Télọ̀ tí ọsàn náà lé lọ ló fún un níbi tí yóò sùn sí. Alálòkù sì ń sọ fáwọn oníbàárà rẹ̀ pé ọkọ òun náà ti di àlòkù, pé ẹni tó bá fẹ́ ẹ lè wá gbé e lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ń bá a rẹ́rìn-ín. Oníbàárà kì í bá ọlọ́jà jiyàn.

Lẹ́yìn náà ni Dókítà Eyín wọlé, àwo ọsàn náà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ le.

"Madam, ẹ gba nǹkan yín, kẹ́ ẹ dá owó mi padà."

"Ṣé kò yí ni?"

"Ó yí. Mo wò ó tán. Àmọ́ kò sí nǹkan kan níbẹ̀! Mo rò pé àṣírí gidi ni. Bébà àti gọ́ọ̀mù lásán ni!"

"Dókítà, ẹ lọ gbàgbé rẹ̀ ná. Tẹ́ ẹ bá ti gbàgbé gbogbo ohun tẹ́ ẹ rí níbẹ̀, ẹ padà wá, màá dá owó yín padà."

Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kú sẹ́rìn-ín. Inú bí Dókítà. "Ta ló ráyè irú ìyà bẹ́ẹ̀? Kéèyàn máa kọ bébà mẹ́rin! Kó lẹ ọ̀kan mọ́ abẹ́ àga, kó fi ọ̀kan sínú àkẹtẹ̀, kó ki ọ̀kan bọ bàtà, torí ọsàn kan ṣoṣo!"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Alálòkù. "Bébà mẹ́rin wo?"

"Ṣé ẹ ò wò ó ni? Apá kejì ni. Ìdáhùn mẹ́rin, bébà mẹ́rin. Ẹni náà ló máa fẹnu ara rẹ̀ yàn. Èyí tó bá mú nìkan lẹ máa fi hàn án. Tó bá mú ti inú ọsàn, ẹ ní kó gé ọsàn. Tó bá mú òmíràn, ẹ jẹ́ kó jẹ ọsàn rẹ̀, kẹ́ ẹ wá yí àga." Ó pòṣé. "Bàbá yẹn tún ń ṣépè fún àwọn tó ń fi í fẹ́ obìnrin láì kọ bébà yòókù. Ó ní ojo ni wọ́n. Ó ní ẹni tí kò bá lè kọ ti ẹni tó ń bá a du obìnrin náà sílẹ̀, kó má gbé ọsàn rárá."

Alálòkù dá owó náà padà, gbogbo rẹ̀ pátá. Dókítà Eyín yọ̀ lọ, kò mọ ohun tó fi sílẹ̀.

Ilé ìyá rẹ̀ ló lọ tààrà. Arúgbó náà jókòó sórí àga onígi kan náà nínú pálọ̀, ó ń fi ọwọ́ lé eṣinṣin.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Kí n dìde lọ síbo? O ti ta tọkọ ẹ tán, ó wá kan àga mi?"

"Mi ò fẹ́ tà á, Màmá. Ẹ dìde."

Ó dà á dojú dé. Gbogbo àga tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá ló ti yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, àfi èyí tó dàgbà bá nílé. Bébà kan wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ kan tí wọ́n ti kàn ní ìṣó. Eruku ti bò ó, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Ó fi èékánná họ ọ́ kúrò. Ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà.

Tíṣà lo máa mú. Èèyàn dáadáa ni. Ó tẹ́ mi lọ́rùn.

"Kí ló wà níbẹ̀?" ni ìyá rẹ̀ béèrè.

Ó kà á sí i létí. Arúgbó náà fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àga tí wọ́n kàn ní ìṣó náà.

"Òótọ́ ni," ó ní. "Òun ló bá mi kan ẹsẹ̀ àga yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ní ọmọ yìí mọ iyì àgbà. Ìgbà tó o wá ń ronú tó ò tètè dáhùn, àga mi ló tẹjú mọ́. Òógùn bò ó. Mo ti ń sọ nínú mi pé kí ló fẹ́ fi àga mi ṣe."

Ibẹ̀ ni obìnrin yìí ti mọ̀ pé òun lòun fẹnu ara òun mú ọkọ òun. Kò sẹ́ni tó tàn án. Ọkùnrin náà tiẹ̀ ti gbà pé òun ò ní rí i fẹ́. Òun ló yàn án, òun náà ló sì pè é ní oníjìbìtì lójú ayé. Ẹyin ni ohùn. Ó ti balẹ̀, ó ti fọ́.

Ó ra ọsàn lójú ọ̀nà. Ó bá ọkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Télọ̀, níbi tó ti ń bá Télọ̀ gé òwú ara aṣọ. Télọ̀ rí i, ó dìde, ó bọ́ síta. Alálòkù kúnlẹ̀, ó na bébà náà sí ọkọ rẹ̀.

"Dádì, mo rí i. Ẹ foríjì mí. Mo ti wá mọ̀ pé èmi ni mo yàn yín."

Ọkùnrin náà gba bébà, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó rí àwòrán ara rẹ̀ nígbà èwe. "Mo rò pé ó ti jábọ́ tipẹ́."

"Ẹ gba ọsàn yìí. Ẹ tún bi mí. Ẹ bi mí bẹ́ ẹ ṣe bi mí lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí màá sọ."

"Ẹ dìde nílẹ̀, Madam," ọkọ rẹ̀ wí. Bó ṣe ń bá oníbàárà Télọ̀ sọ̀rọ̀ ló ṣe bá a sọ̀rọ̀. "A kì í ṣe idán kan náà lẹ́ẹ̀mejì fún ẹnì kan. Nígbà àkọ́kọ́, ojú wa ló máa ń wò. Nígbà kejì, ọwọ́ wa ló máa ń ṣọ́."

Ó gba ọsàn náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ ìdodo rẹ̀, torí ó ti mọ́ ọn lára. Ó dá a padà sí i lọ́wọ́.

"Kò sí nǹkan kan nínú èyí," ó ní. "Ẹ máa mú un lọ."

Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ mi nìyẹn. Ó ní kí n kọ ọ́ fáyé kà, bóyá ọkọ òun á rí i níbi kan, bóyá ọkàn rẹ̀ á rọ̀. Mo sọ fún un pé màá kọ ọ́. Mo sì ti kọ ọ́ dópin, kẹ́ni tó bá kà á má bàa ṣe bí tirẹ̀. Nígbà tó dìde láti máa lọ, ó béèrè bóyá nǹkan mìíràn wà tóun lè ṣe.

Mo ní kó gbé ọsàn rẹ̀ kúrò lórí tábìlì mi.